Bẹ́ẹ̀dì Kan, Ibùsùn Méjì, Nínú Yàrá Kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

Bẹ́ẹ̀dì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ló ti jáde, kì í ṣe ilé ìtajà. Ọ̀gá káfíńtà kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní apá ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó ló kàn án fún mi. ₦210,000 ló gbà, fóòmù kò sí nínú rẹ̀. Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, mo fẹ́ kí ẹni tó ń gbé sẹ́ẹ̀fù-kọ̀ntéènì, yàrá kan tó ní balùwẹ̀ àti ilé ìdáná tirẹ̀ nínú, bíi tèmi mọ̀ pé mi ò kábàámọ̀ owó náà. Ó wọ̀ mí lára nígbà tí mò ń san án, torí owó oṣù tíṣà la mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí bẹ́ẹ̀dì yìí ti wọ yàrá mi ni a ti rí ilẹ̀ tẹ̀.

Èmi àti ọmọ mi obìnrin tó wà ní kíláàsì kẹrin là ń gbé ibẹ̀. Yàrá wa wà ní Mọ́lípà: ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, 10 ní ìbú. Balùwẹ̀ wà nínú, ilé ìdáná sì jẹ́ igun kékeré kan tó jẹ́ pé bí mo bá ń rin ewùrà níbẹ̀, ọmọ mi á ní sùúrù títí n ó fi ṣe tán kó tó lè wá bu omi mu. Yàrá kékeré kì í ni ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀ lára, àmọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí. Mo wà nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, ọdọọdún la sì ń mú aṣọ fún Òjúde Ọba. Ti èṣí kò ṣe é jù nù, ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀ náà kò ṣe é jù nù, torí èèyàn kò mọ ìnáwó tí wọ́n á ní kí gbogbo ẹgbẹ́ gbé aṣọ báyìí báyìí wọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, aṣọ òkè ìyá mi wà lọ́wọ́ mi. Ìkòkò ńlá mẹ́ta tí ẹbí máa ń wá yá bí òde bá dé, ọ̀dọ̀ mi náà ni wọ́n wà. Àlejò Iléyá ńkọ́? Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Òjúde Ọba, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò láti Èkó àti Ìbàdàn á sì ti dé kó tó di ọjọ́ náà. Hòtẹ́ẹ̀lì á ti kún. Ẹni tó bá ní yàrá nínú ìlú lásìkò yẹn, bó ti wù kí yàrá náà kéré tó, onílé ni.

Ohun tó ń jẹ ilẹ̀ jù nínú irú yàrá báyìí ni bẹ́ẹ̀dì. Fóòmù 4½ sí 6, tí ẹ bá fi ìbú rẹ̀ sọ òró rẹ̀ di púpọ̀, ẹsẹ̀ bàtà 27 níbùú lóròó ló ń gbà lórí ilẹ̀, nínú 120 tí gbogbo yàrá mi jẹ́. Ó ju ìdá kan nínú márùn-ún ilẹ̀ tí mò ń san owó lé lórí lọ, alẹ́ nìkan la sì ń lò ó. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi àtijọ́, báàgì Ghana-must-go ló kún ibẹ̀. A ní láti dojú bolẹ̀ ká tó rí ọ̀kan fà jáde, eruku á sì bá a jáde. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ ra kọ́bọ́ọ̀dù. Ibo ni kọ́bọ́ọ̀dù fẹ́ dúró sí? Òun náà á tún gba ilẹ̀ tirẹ̀. Ohun tí mo sọ fún ọ̀gá káfíńtà nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni pé, "Ọ̀gá, mi ò fẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Bẹ́ẹ̀dì yìí gan-an ni kẹ́ ẹ bá mi jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án."

Bí bẹ́ẹ̀dì náà ṣe rí nìyí. Fóòmù 4½ sí 6 tèmi ló wà lókè. Abẹ́ rẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì. Apá tó kọjú sí àárín yàrá, ibùsùn kejì ló wà níbẹ̀: pákó pẹrẹsẹ kan tó ní táyà kéékèèké mẹ́rin lábẹ́, tí fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ ọmọ mi wà lórí rẹ̀. Bí alẹ́ bá lẹ́, ọmọ á fà á jáde. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á tì í wọlé tòun ti ìrọ̀rí àti aṣọ ìbora rẹ̀, ojú ò ní kàn án mọ́ títí di alẹ́. Apá kejì, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àpótí gbọọrọ ni. Ínṣì 22 ni ìbú rẹ̀, ó sì gùn tó bẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀. Èyí kò ṣe é fà jáde, òkè la ti ń ṣí i: a ó ká fóòmù sí ẹ̀gbẹ́ kan, a ó gbé ìdérí méjì tó ní híńjì sókè. Ohun tí a kì í lò lójoojúmọ́ ló ń lọ síbẹ̀. Ní ìgbèrí, dípò pákó pẹlẹbẹ lásán, pẹpẹ mẹ́ta ló wà níbẹ̀ fún ìwé ọmọ, iná oníbátìrì, Kùránì mi àti fóònù. Tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí mo ní tẹ́lẹ̀, mo ti fún àbúrò mi.

Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán ọ̀gá yìí ni bó ṣe wọn yàrá. Káfíńtà tí mo kọ́kọ́ lọ bá, "Fóòmù wo lẹ ní?" ló bi mí, ó sì dá iye owó lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá yìí ní òun fẹ́ rí yàrá ná. Ó dé pẹ̀lú téèpù àti ṣọ́ọ̀kì. Ó ní kí a gbé fóòmù nàró ti ògiri, ó fi ṣọ́ọ̀kì ya bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ bó ṣe máa tóbi tó gan-an, ó sì ya ibùsùn tí yóò ti abẹ́ rẹ̀ jáde náà. Ó wá ní kí ọmọ mi lọ dùbúlẹ̀ sínú ilà náà, òun fúnra rẹ̀ sì lọ ṣí ilẹ̀kùn balùwẹ̀.

Inú yàrá ni ilẹ̀kùn balùwẹ̀ wa ń ṣí sí, ínṣì 27 ni ó sì fẹ̀. Mo ti sọ fún un pé kí ibùsùn ọmọ fẹ̀ tó ínṣì 36, torí ọmọ ń dàgbà. Ó ṣírò rẹ̀ lójú mi. Ìbú yàrá, ínṣì 120. Bẹ́ẹ̀dì ńlá pẹ̀lú àlàfo tí yóò wà láàárín òun àti ògiri, 57. Ó ku 63. Tí ibùsùn ọmọ bá mú 36 nínú rẹ̀, 27 ló kù, gẹ́ẹ́ bí ilẹ̀kùn ṣe fẹ̀. "Àǹtí," ló wí, "bí ọmọ ò bá fà á jáde gún régé lálẹ́ ọjọ́ kan, ilẹ̀kùn yẹn ò ní ṣí. Ọmọ á fẹ́ tọ̀ lóru, kò ní rọ́nà." Bó ṣe di 30 nìyẹn. Ínṣì 6 ló ṣẹ́kù láàárín ẹnu ilẹ̀kùn àti ibùsùn, ó sì ti tó wa láti gbà kọjá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ kan irú rẹ̀, ẹ rí i pé wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì yà á sílẹ̀ fún yín, kẹ́ ẹ sì ṣí gbogbo ilẹ̀kùn tó wà nínú yàrá, títí kan ti fíríìjì, nígbà tí ilà náà ṣì wà nílẹ̀.

Lórí igi, ó fi mẹ́ta siwájú mi. Àkọ́kọ́ ni MDF, pákó tí wọ́n fi eruku igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀. Ó wọ́n díẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, ojú rẹ̀ sì máa ń dán, àmọ́ omi ni ọ̀tá rẹ̀: bí omi bá ti wọ etí rẹ̀, á wú, kò sì ní padà sí bó ṣe wà. Nínú yàrá tí balùwẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí a ń fi mọ́ọ̀bù nulẹ̀ láràárọ̀, mi ò lè fi owó mi síbẹ̀. Èkejì ni ìrókò, ìyẹn kọjá agbára mi. Ẹ̀kẹta ni mẹ̀láínà, òun la sì mú.

Mẹ̀láínà kò jìnnà sí wa rárá. Wọ́n gbìn ín lọ súà sí igbó Ọmọ, ní apá ibi tí wọ́n ń pè ní J4 lọ́hùn-ún, nítorí ilé iṣẹ́ bébà tó wà ní Ìwọpin. Ilé iṣẹ́ bébà náà kò gbérí bí a ṣe retí, igi náà ló wá di tàwọn káfíńtà. Àwọ̀ rẹ̀ mọ́, kò wúwo, ìfági kì í jà lára rẹ̀, kì í sì sáré lọ́ bó bá ti gbẹ dáadáa. Ibi tí ó ti gbẹ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo rí i pé abẹ́ páánù ló to pákó rẹ̀ sí, ó fi igi tín-ín-rín há àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá. Ó ní òun kì í kan èyí tí kò bá tíì lo àkókò níbẹ̀. Pákó tútù tí wọ́n bá fi kan bẹ́ẹ̀dì, inú ilé yín ló máa gbẹ sí, ibẹ̀ náà ló máa lọ́ sí. Ó fi oògùn ikán ra gbogbo rẹ̀, pàápàá jù lọ ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ẹ̀yìn tí ojú ò tó. Mo dúró tì í nígbà tó ń ṣe ìyẹn, torí ilé tí mò ń gbé, ikán ti jẹ férémù fèrèsé kan nísàlẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára bẹ́ẹ̀dì yìí, àlejò kì í rí i. Bóòtù ló so ó pọ̀, kì í ṣe ìṣó. Ayálégbé ni wá. Nígbà tí owó ilé lé sókè tí mo ní láti kúrò níbi tí mo ń gbé tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀dì oníṣòó tí mo ní kọ̀, kò gba ẹnu ọ̀nà jáde, torí inú yàrá níbẹ̀ ni wọ́n ti kàn án parí. Ayùn la fi gé e. Igi gidi ni, kò sí ohun tó ṣe é, a sì wá fi dáná. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, kì í sì ṣe nítorí owó nìkan. Èyí tí mo ní báyìí, bóòtù mẹ́jọ ni, méjì ní igun kọ̀ọ̀kan, sípánà 13 ló ń tú gbogbo wọn. Ọ̀gá gbẹ́ ilà sí ojú ibi tí igi méjì ti pàdé: ilà kan ní igun àkọ́kọ́, ilà méjì ní ìkejì, bẹ́ẹ̀ títí dé mẹ́rin, kí ẹni tó bá fẹ́ tò ó padà má baà máa wá èyí tó bá èyí mu. Wọ́n tú u ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé e wá, wọ́n sì gbé e gun àtẹ̀gùn tèmi tó rí kọ́lọkọ̀lọ láìha ògiri. Kò tíì rẹ̀ wọ́n tí wọ́n fi tò ó tán. Bóòtù máa ń dẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ṣá o. Bí bẹ́ẹ̀dì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí èèyàn bá yíra padà, sípánà ló ń béèrè. Mo gba sípánà kan lọ́wọ́ ọ̀gá, ó wà lórí pẹpẹ ìgbèrí.

Ó yá, aṣọ. Òun gan-an ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ káfíńtà.

Àpótí ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn ń gba gbogbo aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ mi, aṣọ òkè ìyá mi, gèlè tí a ti dì sílẹ̀, àti ìkòkò ńlá mẹ́ta náà. Ìkòkò ń kó sínú ara wọn ní ìgbẹ̀yìn ẹsẹ̀, aṣọ sì wà ní ìgbèrí, pákó kan ló la àárín wọn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n kan ìsàlẹ̀ irú àpótí bẹ́ẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Ìlú wa yìí, ọ̀rinrin pọ̀ níbẹ̀ lásìkò òjò, ògiri bulọ́ọ̀kù sì máa ń làágùn. Ọ̀gá gbé ìsàlẹ̀ àpótí náà kúrò nílẹ̀ pẹ̀lú ínṣì 2, ó lu ihò róbótó róbótó sí orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì kan igi kékeré méjì sẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì kí ó má baà lè sún mọ́ ògiri ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn ìdérí rẹ̀ náà kì í ṣe pákó dídì. Igi pẹlẹbẹ tó ní àlàfo láàárín ni, kí òógùn tó wọ fóòmù lóru lè rí ibi gbẹ sí lọ́sàn-án.

Aṣọ òkè kì í ṣe ohun tí à ń gbé kọ́. Ó wúwo, bó bá ti pẹ́ lórí ìkọ́, èjìká rẹ̀ á fà. Ẹ ká a, kẹ́ ẹ fi aṣọ ìbusùn funfun tó ti gbó wé e, kì í ṣe ọ̀rá, torí ọ̀rá máa ń há ọ̀rinrin mọ́ inú. Bí ẹ bá tún kó o jáde láti yọ atẹ́gùn sí i, ẹ má ká a sí ojú ilà àtijọ́, pàápàá èyí tí wọ́n hun okùn dídán mọ́; ojú ibi tí à ń ká lemọ́lemọ́ ló máa ń já. Káńfọ̀ ń wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ di í sínú àkísà kékeré, kó má kan aṣọ. Ìyá mi ló kọ́ mi ní gbogbo ìwọ̀nyí, àpótí onípáánù ni òun fi ṣe tirẹ̀. Nígbà tí òun náà wá wo bẹ́ẹ̀dì yìí, tí mo gbé ìdérí sókè tó rí ìró rẹ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó níbi tó wà, ó fọwọ́ kàn án, ó ní, "Ó ti rí ilé." Mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni tún yin iṣẹ́ káfíńtà náà fún mi lẹ́yìn ìyẹn.

Ní ti ibùsùn ọmọ, mo fẹ́ kí n sọ ọ́ díẹ̀, torí òun ló ń ṣiṣẹ́ jù. Kò sí ohun ìdìmú irin lójú rẹ̀. Ihò gígùn kan ni ọ̀gá gé sínú pákó iwájú rẹ̀, tó gba ìka mẹ́rin, ó sì fi sáńpépà pa etí rẹ̀ títí ó fi dán. Mo ní kí ló dé tí kò fi irin sí i, ó ní ojúgun wa ni irin náà á máa gbá nígbà tó bá wà níta. Òótọ́ ni. Ọmọ mi ń dá fà á, kò béèrè agbára. Táyà rẹ̀ jẹ́ onírọ́bà, kì í dá ilà sí táìsì, ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa kò sì tíì wá ṣàròyé.

Òjò ni ìdánwò irú nǹkan báyìí. Pákó máa ń wú sí ìbú nígbà òjò, ó máa ń sún kì nígbà ọyẹ́. Èyí tí wọ́n bá kàn ní géérégé lọ́wọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, kò ní jáde mọ́ bí òjò bá dé. Ọ̀gá ti fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nígbà tí òjò rọ̀ jù lọ, mo rí i pé ó le díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo fi àbẹ́là pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ń lọ.

Àwọn ibi tó kù díẹ̀ káàtó wà, mi ò sì ní fi pamọ́.

Ó ga. Ibùsùn ọmọ pẹ̀lú ìrọ̀rí àti aṣọ ìbora rẹ̀ nílò ínṣì 15 kó tó wọ abẹ́ dáadáa. Ẹ fi igi orí rẹ̀ àti fóòmù onínṣì 8 tèmi kún un, ó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 2. Bí mo bá jókòó létí rẹ̀, ẹsẹ̀ mi kì í kanlẹ̀. Èmi ò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ìyá mi tó ti lé ní àádọ́rin ọdún kò lè gùn ún láìjẹ́ pé a di ọwọ́ rẹ̀ mú, ti ìsàlẹ̀ náà sì ti kéré jù fún orúnkún rẹ̀ láti dìde. Mo gbé àpótí ìjókòó kan síbẹ̀ tó ń tẹ̀ gùn ún, àmọ́ ẹni tó bá jẹ́ pé òun àti àgbàlagbà ló jọ ń gbé, kó má ṣe ra irú èyí. Kó ní kí wọ́n kàn àpótí onídúrọ́ọ̀ sábẹ́ rẹ̀ láìsí ibùsùn kejì, ìyẹn lè kéré tó ínṣì 18 lápapọ̀.

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tún jẹ́ ìṣòro tí n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ. Nẹ́ẹ̀tì tí a so mọ́ àjà fún bẹ́ẹ̀dì ńlá kì í dé ibùsùn tó wà nísàlẹ̀. Ọmọ ló wá ń sùn síta nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀fọn ò sì mọ ọmọ yàtọ̀. Mo pe ọ̀gá padà, ó fi ìkọ́ méjì sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti méjì sí ògiri òdìkejì, a wá ń ta nẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́rin sí i lálẹ́. Kò gba owó rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún káfíńtà yín ṣáájú.

Ó sì pẹ́. Ọjọ́ tó dá kọjá, ó dá òmíràn, ìyẹn náà kọjá. Mo pè é, ó ní iná ni wọn ò mú wá, ẹ̀rọ tó fi ń fá pákó kò sì ṣiṣẹ́ láìsí iná. Inú bí mi, mo sì sọ fún un pé inú ń bí mi, torí orí ilẹ̀ ni èmi àti ọmọ ń sùn ní gbogbo ìgbà yẹn. Ó bẹ̀bẹ̀, kò purọ́, kò sì pa fóònù. Táyà kan tún kọ̀ láti yí lẹ́yìn tí wọ́n gbé e dé, ó ń fà gbàràgbàrà nílẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá pààrọ̀ rẹ̀. Fáníìṣì náà rùn. Ẹ má tíì kó aṣọ sínú rẹ̀ nígbà tó ṣì ń rùn, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ó rọ̀ tán. Aṣọ tó bá gba òórùn fáníìṣì, kò ní jọ̀wọ́ rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ohun kan wà tí mi ò lè má sọ. Ẹni tó bá rí àyè lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì báyìí, ọkàn rẹ̀ lè sọ fún un pé kó ti sílíńdà gáàsì rẹ̀ síbẹ̀, kí igun ilé ìdáná lè gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá jò, ilẹ̀ ló ń wọ́ sí, ibi tó há ló sì ń kó jọ sí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò sì ní ihò tó tó láti lé e jáde. Ìta ni tèmi wà, nínú àgò onírin tí onílé gbà mí láyè láti so mọ́ ògiri bákónì, rọ́bà rẹ̀ ló gba inú wọlé.

Iléyá tó kọjá, èèyàn mẹ́fà ló sùn nínú yàrá náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọmọ rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ńlá, ọmọ mi àti ọmọ àbúrò mi kọrí sí ẹsẹ̀ ara wọn lórí ti ìsàlẹ̀, èmi àti àbúrò mi tẹ́ ẹní sí ilẹ̀ tó ṣẹ́kù, ní apá ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a ti ibùsùn wọlé, a ká ẹní, mo gbé ìkòkò ńlá jáde láti sè ìkọ́kọrẹ́, àyè sì wà tí gbogbo wa fi jókòó yípo jẹun nínú yàrá kan náà tí a sùn sí. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ilé rẹ̀ l'Ékòó ní yàrá mẹ́ta, ló ń bi mí nọ́ńbà káfíńtà.

Tí owó bá há, ẹ má jẹ́ kí àpapọ̀ iye rẹ̀ dẹ́rù bà yín. Ọ̀gá náà gbà kí n kọ́kọ́ san ìdajì, kí n san ìyókù lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ sì lè ní kó kan bẹ́ẹ̀dì ńlá àti àpótí nìkan ná, kó fi àyè ibùsùn kejì sílẹ̀ lófìfo. Á ṣe é ti sínú rẹ̀ nígbà tí owó bá dé. Ẹ bá a ṣe àdéhùn lórí irú igi, iye bóòtù àti bí ìsàlẹ̀ àpótí ṣe máa ga kúrò nílẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sí ìwé, torí ẹnu ò gba gbogbo ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí ayùn ti ń dún. Ẹni tó bá sì fẹ́ kó wọlé ṣáájú Iléyá, kí ó ti lọ bá a kí ààwẹ̀ tó parí. Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, gbogbo Ìjẹ̀bú tó ń retí àlejò ni wọ́n máa ń já lu àwọn káfíńtà, iwájú tiwa sì ni ìyàwó tuntun àti àga ìjókòó rẹ̀ máa ń wà.